Àyè Ọpọlọ Lórí Bẹ́ǹṣì

Bí mo bá rántí bí wọ́n ṣe ń ní ká gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ká fi kan etí òdìkejì, tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì àkọ́kọ́ l'Ọ́fà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí nìkan ló tó ilé ìwé lọ nígbà náà. Apá tèmi gùn bí igi tí wọ́n fi ń já máńgòrò, kíá ló kan etí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n ka A, B, D. Mo ka A, mo bú sẹ́kún. Tíṣà fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi, ó ní, "Apá ló ṣáájú. Ọpọlọ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Èmi ọ̀dẹ̀ bá gbà á gbọ́. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọpọlọ mi lórí bẹ́ǹṣì. Bí ọmọ kan bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, màá pariwo, "Ẹni kan ń bọ̀!" Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀ ló jìn."

Nígbà tí mo gba dìgírì, mo wọ kóòtù nínú oòrùn, mo lọ fi han tíṣà mi yìí, tó ti di ìyá arúgbó. Níbi tí mo ti ń yan bọ̀ lójúde rẹ̀, okùn ewúrẹ́ gbé mi ṣubú.

Ó wò mí títí. "Kò tíì dé ni?"

"Ó ń bọ̀, mà."

Mo fẹ́ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó bá fi ọwọ́ lé àyè náà.

"Sún síwájú. Ẹni kan ń bọ̀."