Efúnyẹmí Kọrin Arò fún Ọkọ Mi Tí Kò Kú

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n rò fún yín ohun tí ìfẹ́ orin kó bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé orin arò ni mo fẹ́ràn. Orin ijó kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Bí mo bá jókòó sídìí òfì tí mò ń hun aṣọ, orin tó ń mú ọkàn wúwo ni mo máa ń kọ, àwọn ìyàwó ilé yòókù a sì máa bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n dákẹ́. Ṣé èmi ni mo dá ara mi ni?

Nínú gbogbo àwọn tó ń kọrin arò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sí ẹni tó dà bí Efúnyẹmí, ará Ìmùṣin. Ẹnu rẹ̀ kò dùn rárá téèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kó kọrin níbi òkú! Orin rẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Á pe orúkọ òkú, á wá ní:

Ọ̀nà tó o gbà lọ, koríko ti bò ó,
O ò wẹ̀yìn ká rójú rẹ.

Kò jù báyìí lọ o! Síbẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí kí omi má bọ́ lójú mi. Mo tẹ̀ lé e dé Ayépé, mo tẹ̀ lé e dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi òkú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Màá sunkún títí tí àwọn ọmọ olóòkú á fi máa ṣìpẹ̀ fún mi.

Lákòókò yẹn, ọkọ mi ti kó aṣọ tí a hun lọ tà ní Ẹ̀pẹ́. Ogun wá dí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní ó ń bọ̀.

Àfi ìgbà tí wọ́n ń ṣòkú bàbá kan ní Ìmùṣin, tí mo tún lọ. Efúnyẹmí pe àwọn òkú ilé náà tán, ó wò mí, ó ní, “Odùsànyà, ọ̀nà tó o gbà lọ, koríko ti bò ó.”

Orúkọ ọkọ mi nìyẹn!

Mo fò dìde, mo ní ọkọ mi kò kú. Ta ló gbọ́? Gbogbo agbo ti gba orin náà.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí wọ́n pe alààyè nínú arò, torí náà Efúnyẹmí ti gbọ́ nǹkan nìyẹn. Aládùúgbò gbé ìkọ́kọrẹ́ wá bá mi kẹ́dùn. Àwọn ìyáálé ilé ní ká fá irun mi, kí n bẹ̀rẹ̀ opó ṣíṣe. Àbúrò ọkọ mi, ẹni tí kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀, ni wọ́n ní yóò ṣú mi lópó, ó sì ti ń wò mí bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ gbà mí!

Ilẹ̀ mọ́, mo gba Ìmùṣin lọ. Mo bá Efúnyẹmí níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ọkọ mi kú. Ó ní èmi ni.

Èmi kẹ̀?

“Òkú ẹni ẹlẹ́ni lo ń tẹ̀ lé kiri,” ló wí. “Ọmọ olóòkú á ti nujú tán, ìwọ á ṣì máa sunkún. Mo bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n ní ọkọ rẹ lọ, kò dé. Mo bá ọ sọ ọ́ síta ni, torí o ò lè sọ ọ́ fúnra rẹ.”

Mo ní orin ló dùn mọ́ mi. Ó ní orin kan kì í dùn báyẹn. Mo ní kó yọ orúkọ náà. Ó ní orúkọ tó bá ti wọ inú arò, ẹni tó ni ín nìkan ló lè wá gbà á, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ!

Mo sunkún títí mo fi délé. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ìgbà tí ọ̀nà ti dí, mo kàn ń wá ibi tí mo ti lè sunkún tí ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní nǹkan kan.

Nílé, wọ́n ti pọ́n abẹ. Ìyá ọkọ mi ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí ẹni tó bá rí òkú ọmọ òun jáde wá, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí mi. Báyìí la ṣe wà títí ọ̀nà fi là, tí ọkọ mi fi wọlé, tó rù hangogo, tó ń bèèrè oúnjẹ. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá!

Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ká lọ gba orúkọ òun. Inú mi dùn, mo ní ìjà dé. Nígbà tá a dé Ìmùṣin, kàkà kó jà, ó jókòó, ó ní kí Efúnyẹmí kọ ọ́ kí òun gbọ́ ohun tí òun fẹ́ gbà. Efúnyẹmí kọ ọ́. Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Má yọ ọ́. Bá mi tọ́jú ẹ̀.”

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú mi rí!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí orin kan bá ń pa yín lẹ́kún jù, ẹ bi ara yín ohun tó ń dùn yín, kí olórin tó bá yín sọ ọ́ láàárín agbo. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Orin wo ló ti tú àṣírí yín rí? Ẹ má fi mí nìkan sílẹ̀ nínú ìtìjú yìí.

Ẹ wá gbọ́ ọkọ mi nínú yàrá o. Orin náà ló tún ń kọ, ohùn rẹ̀ burú, kò sì mọ ibi tó ti yẹ kó gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́.