Màámi Ní Kí N Kọ́kọ́ Gbé Olú Náà Mì

Ṣíbí tí mo fi ro tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹja ló ń rùn. Mo fọ̀ ọ́ títí, ẹja kò lọ. Ìyàwó mi ní ẹni tó ń ta olú kiri kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ òórùn. Mo mu tíì ẹja mi, mo gbé báàgì, mo jáde.

Táyà ni mo ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Òkokomáikò. Nígbà tí ẹ̀yìn mi kọ̀ mí sílẹ̀, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta olú tí wọ́n lọ̀ kúnná sínú kápúsù. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní Ìbà ní béèyàn bá ti ń dàgbà, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Olú yìí ló máa jí wọn. Mi ò kàwé débi kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ sójà yé mi. Mo ra táì.

Ara mi ò ṣáà balẹ̀. Mo bi ọ̀gá pé irú olú wo nìyí, torí olú tó ń pààyàn náà wà nínú igbó.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí o fẹ́ tà á?"

Èsì yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Mo ṣì gbé báàgì.

Lọ́jọ́ tíì ẹja yẹn, mo lọ sí Igbó-Elérin, sílé Bàbá Rábíù, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní bọ́sítọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n gbé olú wá sílé. Ìyàwó wọn ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gba ìgò kápúsù lọ́wọ́ mi, wọ́n mì ín, wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

"Gbé ọ̀kan mì."

"Èmi kẹ̀, Màámi?"

"Nílé bàbá mi, ẹni tó gbé àgbo wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbí ìyá tìẹ ò kọ́ ẹ?"

Mo gbé e mì. Láti ìgbà tí mo ti ń tà á, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó há mi lọ́fun.

"Jókòó síbẹ̀ kí n máa wò ẹ́."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń wò mí.

"Ojú ẹ ń pọ́n."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Màámi."

"Hẹ́n-ẹ́n."

Ibi tí mo jókòó sí bí olè tí wọ́n mú ni Bàbá ti jáde sí wa, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Olólú mi! Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ ni mo ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọsibítù fún mi nù. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Orí ń fọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n olú ti dé."

"Bàbá Rábíù, ẹ ṣe kí ni?" Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lọ́wọ́ Màámi.

Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n da oògùn nù, mi ò sì sọ pé kí wọ́n má dà á nù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọjà bàjẹ́. Bí mo bá dákẹ́, bàbá olóbàbá lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nítorí ẹnu mi.

Mo ní, "Bàbá, olú yìí kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi gan-an ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ká máa lọ sí ọsibítù."

Nígbà tá a débẹ̀, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó lejú.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi oògùn yín sílẹ̀?"

Bàbá nawọ́ sí mi. Mo tú táì mi. Mo gbé ìgò fún nọ́ọ̀sì.

"Ẹ gbà mí, ṣé ẹ mọ èyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ń tà á ńkọ́?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní kí Bàbá padà sídìí oògùn wọn, kí wọ́n má po nǹkan kan mọ́ ọn àyàfi tí dókítà bá rí i. Wọ́n fún wọn lóògùn, a jókòó títí ẹ̀jẹ̀ náà fi wálẹ̀.

Nígbà tá a jáde, mo ki ìgò bọ báàgì. Mo sọ fún Màámi pé mi ò ní tà á fún wọn, kódà bí Bàbá bá bẹ̀ mí. Wọ́n dúró. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo báàgì.

"Ó dáa," Màámi ní. "Kí wá ni nǹkan tó o fẹ́ tà fún wa gan-an?"