Tábìlì Àárín Ṣọ́ọ̀bù

"Dá tábìlì mi padà sáàárín kí n tó dé."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ gbẹ̀yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò rẹ̀ ń yára rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ara yín ná." Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n kò jí mọ́.

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kọjú sí títì. Tábìlì gígùn kan wà láàárín rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló fi bò ó. Áyọ́ọ̀nù lápá ọ̀tún, abọ́ omi lápá òsì. Á ki ọwọ́ bọ omi, á wọ́n ọn sára aṣọ, á lọ̀ ọ́. "Onílà-kan" làwọn oníbàárà ń pè é, torí ṣòkòtò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìlà méjì wà lẹ́sẹ̀ kan.

Òun náà ló tọ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọmọ náà kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ ní òun ò lọ iléèwé mọ́, ẹ̀gbọ́n gbá a létí. Kò lọ náà ni. Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n, ó na áyọ́ọ̀nù sí i.

"Ó dáa. Bírò ò wù ẹ́. Gba irin gbígbóná."

Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rí i. Tónítọ̀hún bá sọ̀rọ̀, á fò sókè. Dírẹ́bà kan tó ń gbé aṣọ wá fún wọn na ṣòkòtò rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan.

"Onílà-kan, kí lèyí? O ti sọ ẹsẹ̀ mi di ojú irin rélùwéè!"

"Ọ̀kan lo sanwó ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èkejì, èènì ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò ló rẹ́rìn-ín jù. "Ẹ ti ń darúgbó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ra awò ojú."

Ẹ̀gbọ́n ra awò. Awò kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí orí fífọ́ dé, tí kò lọ mọ́, ni wọ́n tó lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní kókó kan ló hù sí abẹ́ ọpọlọ, níbi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. "Tá a bá fi í sílẹ̀, ojú á lọ. Tá a bá yọ ọ́, ojú lè dúró. Ó sì lè lọ náà."

"Dókítà," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ìlà méjì lọ̀rọ̀ tiyín náà ní."

Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó jí, ó fọwọ́ wá ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n á tú báńdéèjì ojú mi?"

Àbúrò wò ó. Báńdéèjì kan kò sí lójú rẹ̀. Ojú là sílẹ̀ rekete.

"Wọ́n ní tó bá yá."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀. Ó wá etí aṣọ ìbora, ó fà á bo orí.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó ní kí wọ́n mú òun lọ ṣọ́ọ̀bù. Láti ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́, ọwọ́ ba etí tábìlì. Ó dì í mú. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Mú ṣẹ́ẹ̀tì kan wá." Ó pẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ kọ́là dúró ṣánṣán. Bó ṣe ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ọkàn àbúrò ni kò balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n sinmi sílé, ó sún tábìlì mọ́ ògiri kí ọ̀nà lè fẹ̀. Ó tiẹ̀ gbá abẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wọlé, ó na ọwọ́. Kò kan nǹkan kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó tún nawọ́. Ó dúró gbagidi láàárín ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, bí àlejò tí wọn ò fún níjòókòó.

"Ta ló kó ṣọ́ọ̀bù mi lọ?"

"Mo sún tábìlì ni, kí ọ̀nà lè fẹ̀ fún yín."

"Ọ̀nà wo? Tábìlì yẹn ni mo fi ń mọ̀nà!"

Ó bínú yípadà, ó ń táràrà lọ síbi ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná.

Bí àbúrò ṣe ń da omi tútù sí i lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Ẹ rí i? Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyí. Ẹ má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́."

"Níbi tí mò ń gbé e sí," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kò jó mi rí."

Òótọ́ ni. Àbúrò mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀rù bà á, ó fi tábìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà tó bá ń gba aṣọ lọ, á ní kó jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. "Ta ló lọ èyí? Omi ò tó o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá lọ tán, á rọra béèrè.

"Ṣé o ti dá a padà?"

"Ọ̀la ni, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀la yẹn ni wọ́n ń sọ títí orí fífọ́ fi padà, tí dókítà ní kókó náà tún ti hù.

Wọ́n ti sìnkú tán báyìí. Àbúrò nìkan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn lórí sìmẹ́ǹtì láàárín yàrá. Ó gbé orí kan, ó wọ́ ọ. Ó lọ gbé orí kejì. Ó ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sójú rẹ̀. Ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló mú abọ́, ó jáde lọ pọnmi.