Ẹ̀rọ Tó Mọ Ìdílé Ìrèké

Iṣẹ́ Baba Aládùn ni kí ó mú akọ ìrèké pàdé abo, kí wọ́n lè bí ọmọ tó dùn ju ìyá lọ. Ọ̀mọ̀wé ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, irú ìrèké kan ṣoṣo ló tíì bọ́ sí i lọ́wọ́: Aládùn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Baba Aládùn. Ìjọba ti fẹ́ fi Aládùn fún àwọn àgbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò ní parẹ́ mọ́.

Àfi Onígíláàsì, ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Pákó lásán ló la ọ́fíìsì àwọn méjèèjì láàárín. Òun náà gbé ìrèké tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Àrà-ọ̀tọ̀. Baba Aládùn wò ó, ó ní ọmọ òun ni wọ́n jí gbé, tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á tan rédíò.

Baba Aládùn ló bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń dá ìdílé ìrèké mọ̀. Wọn á lọ ewé ìrèké, wọn á kán omi rẹ̀ sínú gẹ́lì tó rí bí ẹ̀kọ tútù, wọn á tan iná mànàmáná sí i. Àwọn èròjà inú ewé tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù á sáré, wọn á sì dúró ní ìlà-ìlà. Ìrèké tí ìlà wọn bá bára mu, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Gbogbo ọjọ́ ni t'olè," ló ń wí kiri.

Ìgbìmọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ náà ní kó mú ìrèké lásán kan wá, kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ó gé èyí tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ọjọ́ pé. Ìgbìmọ̀ jókòó. Ìyàwó múra wá wo ìṣẹ́gun ọkọ. Ìlà Aládùn yọ. Ti Àrà-ọ̀tọ̀ yọ, wọn ò fi bín-ín-tín yàtọ̀. Baba Aládùn dìde, ó na ìka sí olè. Kò tíì lanu tán tí ti ẹ̀yìn ilé ìdáná fi yọ.

Bákan náà.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ọwọ́ ẹni tó ń ta ìrèké lójú títì ni mo ti tọrọ ìyẹn. Orí rẹ̀ tó fẹ́ sọ nù ni mo gbìn."

Alága ìgbìmọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ẹni tó wá jí ọmọ ta gbé.

Onígíláàsì nu gíláàsì rẹ̀. Ó wo ọ̀tá rẹ̀ lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iná ò ti pọ̀ jù lára ẹ̀rọ yìí?"

"Àbúrò mi, ohun tí mo ń wò láti àárọ̀ nìyẹn."

Wọ́n jọ jẹ́rìí pé ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbára lé. Wọ́n jọ gbé e lọ sí yàrá ẹrù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn kí wọ́n má fẹsẹ̀ kọ.

Ìrèké méjèèjì ti dọ́wọ́ àgbẹ̀ báyìí. Àwọn àgbẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tó dùn jù.