Aṣọ Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Dé

Mi ò tíì dárí ji Àǹtí tó kọ́ mi ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Súrùlérè, kò sì sí lọ́kàn mi láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pè é. "Wọ́n" ò tọ́ sí i.

Télọ̀ ni màmá mi. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun rán àgékù aṣọ pọ̀ kó rí roboto, káwa ọmọdé lè dì í mú yíká, ká máa jù ú sókè. Párásúùtì ló pè é. Ó ní tí ọ̀gá iléèwé bá fi lè rí iṣẹ́ ọwọ́ màmá mi, yunifọ́ọ̀mù gbogbo iléèwé ti di tiwọn. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Yunifọ́ọ̀mù yẹn la gbójú lé.

Ọjọ́ tí aṣọ dé iléèwé, etí mi báyìí ló ṣe nígbà tí Àǹtí sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní, "Àǹtí, màmá mi ló rán an." Ó gbá mi lẹ́nu, ó pè mí ní òpùrọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà táwọn yòókù fi ń fi aṣọ màmá mi ṣeré. Nígbà tí mo rojọ́ nílé, màmá mi ní kí n fi sílẹ̀. Èmi ò fi sílẹ̀.

Tá a bá ju aṣọ yẹn sókè, gbogbo wa á sáré bọ́ sábẹ́ rẹ̀, á sì bò wá bí àgọ́. Àǹtí ò lè rí ẹnu wa níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn yòókù ní ohun tá a máa sọ lójoojúmọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ ìparí ọdún, àwọn òbí kún àgbàlá. Màmá mi dúró lẹ́yìn pátápátá, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn. Lẹ́yìn tá a ṣeré tán, Àǹtí rẹ́rìn-ín sí àwọn òbí, ó bi wá ní ìbéèrè tó ti kọ́ wa pé Lọ́ńdọ̀nù ni ìdáhùn rẹ̀: "Níbo ni aṣọ wa ti wá?"

A jọ ju aṣọ sílẹ̀, a nawọ́ sẹ́yìn. "Màmá télọ̀ ló rán an! Àwọn nìyẹn!"

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Ọ̀gá fọwọ́ tọ́ ojú rírán aṣọ náà wò, wọ́n pe màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí iléèwé wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, yunifọ́ọ̀mù tí màmá mi rán ni gbogbo wa wọ̀.

Mo rò pé màmá mi ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àfìgbà tí Àǹtí gbé léèsì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń pè wọ́n ní "Màmá wa". Wọ́n tú léèsì náà wò, wọ́n tún un ká dáadáa, wọ́n sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù," ni wọ́n wí. "Wọ́n mọ aṣọ rán níbẹ̀."