Ọdún Méjì Ọmọ Lài

Nígbà tí ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ Lài nínú omi níbi tó ti ń sá kúrò nílùú rẹ̀, ọmọ méjì ló ti bí, kò sì sí ìkankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kékeré, Tí, ọmọ ọdún méjì, kú lójú omi, òkun ni wọ́n gbé e fún. Thơm, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ya kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ létíkun lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá tú wọn ká. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé ọmọ náà dé àgọ́ àwọn asásàálà ní Hong Kong.

Ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba fún Lài nílé, ẹgbẹ́ aláàánú gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò wá síbẹ̀. Ó dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ta ní ń wá bẹ́ẹ̀dì? Thơm ló ń wá! Mísísì Pargeter, àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́ náà, bá a kọ fọ́ọ̀mù kí ìjọba lè mú ọmọ náà wá.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Méjìdínlógún.”

Áà! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn Tết, ọdún tuntun àwọn ará ìlú Lài, lẹ́tà dé: ọmọ tó bá ti pé méjìdínlógún ti dàgbà, kò lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọlé mọ́. Lài ò sunkún. Ó kàn jókòó ti Mísísì Pargeter, lẹ́tà lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Phụng, ọmọ ìlú rẹ̀ tó jẹ́ aládùúgbò, gbé ọmọ tuntun wọlé. Mísísì Pargeter gba ọmọ náà mọ́ra kí ilé lè tura díẹ̀. “Ọmọ ọjọ́ mélòó lèyí?”

“Ọdún méjì ni, Màámi,” ni Phụng wí. Lài náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Èyí tí ọrùn rẹ̀ ò tíì le?”

“Ọdún kan lọ́jọ́ tí mo bí i. Ṣé oṣù mẹ́sàn-án tó lò nínú mi, wọn ò kà á ni? Ìgbà tí Tết wá dé, ó di méjì. Gbogbo wa la jọ ń dàgbà lọ́jọ́ náà.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mísísì Pargeter. “Lài, ìgbà wo lo bí Thơm?”

“Ọjọ́ tí òrìṣà ìdáná ń gòkè ọ̀run, lọ́dún tí à ń pè ní Ológbò. Ó ku ọjọ́ méje kí Tết dé.”

Mísísì Pargeter bi wọ́n pé ọdún wo nìyẹn, ó ka ìka títí. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́tàdínlógún lóṣù yẹn ni! Ó kó kóòtù wọ̀, ó fa Lài lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì ìjọba.

Ọ̀gbẹ́ni Hallam tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló gbà gbọ́, òkun sì ti gba ìwé Lài.

“Ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀,” ni Mísísì Pargeter wí. “Ẹ má sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yàtọ̀, ẹ lé mi jáde níbí.”

Ìjọba kọ̀wé, àwọn aláàánú tó wà ní àgọ́ lọ bi Thơm. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Lài fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà de lẹ́tà. Ìdáhùn dé: ọjọ́ òrìṣà ìdáná, ọdún Ológbò, nídìí ààrò ni ìrọbí ti mú ìyá mi.

Hallam fa ìlà sórí méjìdínlógún, ó kọ mẹ́tàdínlógún: Thơm lè wá. Ìgbà náà ni Lài tó sunkún.

Ṣùgbọ́n Hallam ò tíì fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyáàfin, Tí tó ṣaláìsí, ọdún méjì ló wà nínú ìwé yìí. Ìgbà wo lẹ bí i?”

“Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Tết dé.”

“Ìgbà wo ló wá kú?”

“Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn Tết.”

Hallam ṣírò rẹ̀: ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Ó fẹ́ tún un kọ.

Lài fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

“Ọ̀gá, ẹ yọ ti Thơm, mo dúpẹ́. Ti Tí yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún méjì ló bá mi gbé.”