Orin Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Àgbà

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ọjà Pessu mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹ̀wà ni mò ń tà, orí àpò ẹ̀wà ni mo sì ti máa ń kọrin fún oníbàárà. Pìjìn ni mo fi ń kọ ọ́, torí òun ni wọ́n fi ń tajà ní Warri. Bí obìnrin kan bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá, mo máa fi í kọrin kó tó kúrò níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì ra kóńgò méjì. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti wé híjáàbù mi, tí mo dé àsáláátù, mo di ẹlòmíràn. Níbẹ̀, wákà ni mò ń gbè, Yorùbá Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé, ìyìn Ọlọ́run àti ti Ànábì, ẹnu mi á sì rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò bú èèyàn rí.

Báyìí ni mo ṣe wà títí mo fi lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Orin méjì ló wà nínú mi, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ìyá wa àgbà, olórí àwa akọrin wákà, ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ṣakí ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti darúgbó, ohùn wọn ti ń há, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ pé èmi ni mo máa gba ipò lọ́wọ́ wọn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ ipò náà dé góńgó. Nílẹ̀ àjèjì, ta ni ẹbí ẹni bí kò ṣe ẹgbẹ́ ẹni? Àwọn ni wọ́n gbé oúnjẹ wá nígbà tí mo bímọ, àwọn náà ni wọ́n dúró tì mí nígbà tí ìyá mi kú.

Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀, orin kan tí kì í ṣe ti ọjà, tí kì í sì ṣe ti mọ́sáláásí, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yà àti ẹ̀yà ń para wọn nítorí ta ló ni ilẹ̀. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun ìsọ̀, apá kan ọjà wa jóná. Àwa ò sí nínú ìjà, àmọ́ ọta ìbọn kì í béèrè pé ta nìyí. Mo lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ dìde sí mi lẹ́nu, ohùn wákà, ọ̀rọ̀ pìjìn: *Pikin dey cry, na gun dey answer.* Ọmọ ń ké, ìbọn ló ń dá a lóhùn. Bí mo bá gbé e sókè díẹ̀, ọkọ mi á ní, "Panu mọ́ o. Àlejò ni wá níbí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo máa ń panu mọ́. Inú á sì bí mi débi pé mi ò ní lè jẹun.

Ìjà wá rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ará wa kan sì sọ ọmọ lórúkọ ní Igbudu. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, àdá lọ́wọ́ àwọn kan, ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n ń retí ìrẹsì bíi gbogbo èèyàn. Ìyàwó aláṣọ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n kó wá sí Warri. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ ju tàwọn ọmọ mi lọ, àwọn tó jẹ́ pé pìjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Àmọ́ kì í ṣe Yorùbá. Ẹ̀yà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ń wá kiri láti pa ni bàbá rẹ̀. Èmi àti Ìyá àgbà nìkan la mọ̀ nínú ẹgbẹ́, torí àwa la kọrin níbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní Sapele. Híjáàbù ńlá àti Yorùbá ẹnu rẹ̀ ló fi ń gbé Igbudu.

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. A kì í ki èèyàn lásán, ìlú rẹ̀ la fi ń kì í. Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ìgbòho, ọmọ Òkè-Ihò, tó bá ti kan ẹni, ẹni á dìde, á mì díẹ̀, inú á dùn. Bí a bá ki gbogbo àwọn tó jókòó ní ìlà kan tí a fo ẹnì kan, ìwọ̀sí ni. Ìyàwó aláṣọ, ìlú ọkọ rẹ̀ la fi ń kì í látìgbà tó ti dé. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá àgbà ń ki ìlà wa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ojú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó kan ìyàwó aláṣọ. Ẹnu wọn sì ṣì padà sí bí wọ́n ṣe kì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó: ìyàwó àtàtà, ọmọ ará ẹnu odò. Ẹnu odò pọ̀, ìyẹn ò tíì burú. Orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ ló kàn. Ìyá mọ̀ pé ìjà wà o, ẹnu wọn ni kò mọ̀. Ẹnu tó ti ń ki èèyàn láti ìgbà ọmọge kì í bi orí léèrè mọ́.

Mo já orin gbà. Ẹni tí kò gbé láàárín wa lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Elégbè kì í já orin gbà lẹ́nu àgbà; àgbà ló máa fọwọ́ kàn ọ́ kí o tó lè dá orin. Mo dìde, mo lu sèlí, páànù pẹlẹbẹ tó ní òrùka irin létí, mo lù ú gbàgà bo orúkọ ìlú náà mọ́ wọn lẹ́nu, mo sì gbóhùn sókè. Orin tó wà nítòsí jù lọ ló jáde. *Pikin dey cry, na gun dey answer.* Níwájú àwọn áfáà, níbi ìsọmọlórúkọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹnu ọ̀nà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Mo kó àwàdà ọjà sí i lóòótọ́. Mo fi àdá wọn ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ẹni tó gbé àdá tí kò ní oko, kí ló fẹ́ ro? Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sí ohùn gígùn tí a fi ń tọrọ àforíjì lóṣù Ààwẹ̀, mo da pìjìn sínú rẹ̀, mo da Yorùbá lé e. Ẹ̀rín wọn tán. Ẹni tó gbé ìbọn fi í ti ògiri, ó ní, "Mama, sing am again." Mo tún un kọ. Àwọn ọmọdé ti ń gbè é. Kò sẹ́ni tó béèrè ìlú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí síwájú ẹgbẹ́. Ìyá Àdínì, olórí àwa obìnrin ní mọ́sáláásí, ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo já orin gbà lẹ́nu ìyá mi, mo tún kó orin ayé wọ ibi tí a ti ń dárúkọ Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Ìyá àgbà, kí n ṣèlérí pé mi ò ní kọ irú ẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á tán. "Kí ló tiẹ̀ ṣe ọ́?" ni wọ́n bi mí.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá sọ ìdí, ó máa dé gbogbo ìsọ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Mo wo Ìyá àgbà. Wọ́n ti mọ ohun tí ẹnu wọn fẹ́ ṣe. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹní, omi ń bọ́ lójú wọn, àwọn yòókù sì rò pé ohun tí mo ṣe ló dùn wọ́n. Ìyàwó aláṣọ wà lẹ́yìn. Mo rí i tó dìde, tó la ẹnu. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Kò sí ohun tó ṣe mí," mo wí. "Orin mi ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ nínú ilé. Mo máa kúnlẹ̀ fún Ìyá, torí ìyá mi ni wọ́n. Àmọ́ ẹ má bínú, mi ò lè ṣèlérí."

Mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ìyá Àdínì ní kí n máa gbè lẹ́yìn nígbà náà, ẹlòmíràn ló máa gba ipò. Ẹlòmíràn ọ̀hún wà níbẹ̀, ohùn bí ohùn ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó dùn mí wọra, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Nílé, ọkọ mi bi mí bóyá mo bẹ̀ wọ́n, mo ní mo bẹ ẹni tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ya orin méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Bó bá ṣe wá ni mò ń kọ ọ́, lọ́jà àti níbi tí wọ́n bá pè mí sí. Àwọn kan ò pè mí mọ́.

Nígbà tí ìyàwó aláṣọ rí ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò ní Warri, ó wá sí ìsọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ láàárín àpò ẹ̀wà, ó ní mo fi ipò mi gba ẹ̀mí òun là, Ọlọ́run á san án fún mi. Mo gbé e dìde, mo ní àmín. Mi ò sọ èyí tó kù fún un, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo kọ nítorí tirẹ̀. Kí n tó dé ìlà kẹta, ohùn mi ti ṣí, gbogbo ohun tí mo jẹ́ jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì dùn bí kò ṣe dùn rí láyé mi. Bí mo ṣe ń kọrin lọ́jọ́ yẹn, ó di etí aṣọ mi mú. Mo fa aṣọ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè ráyè jó. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ yẹn fà á jáde nígbà náà ni, n kì bá tí mọ̀.